Ẹ Má Ki Àbẹ̀kẹ́ Mọ́

Àga onígi lásán ni. Ẹsẹ̀ kan rẹ̀ kúrú ju mẹ́ta yòókù lọ, ó sì máa ń mì bí ènìyàn bá jókòó lé e. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Ọ̀gbẹ́ni Oyèlẹ́yẹ ti ń gbé e sí àárín kíláàsì lọ́sàn-án ọjọ́ Àlàrùba, Àwáwù kò lè wò ó kí àyà rẹ̀ má já. Àwọn kan a máa bẹ̀rù ejò, àwọn kan a máa bẹ̀rù odò. Àga ni ti Àwáwù. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá mọ ohun tí ó fi pamọ́ sílé, ẹ̀yin náà kò ní fẹ́ jókòó níbẹ̀.

Ìsẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ní ọdún tí àwọn ológun ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ láti gbé ìjọba fún àwọn alágbádá. Ìjọba ti ní gbogbo ọmọ ni yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ kò sì tó, ìdí nìyẹn tí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ fi kún fọ́fọ́. Àwáwù wà lára wọn, ó ku ọdún kan kí ó parí. Ọ̀gbẹ́ni Oyèlẹ́yẹ ló ń kọ́ wọn ní eré oníṣe. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọmọ Ṣakí, ó ti lọ kàwé eré ní Ìbàdàn, ó sì gbé irùngbọ̀n kan bọ̀ tí kò yẹ ẹ́ rárá. Ó ní eré kì í ṣe àtíkè ojú àti aṣọ ọba. Ó ní kí olùkọ́ tó lè kọ́ ọmọ, ó gbọ́dọ̀ mọ bí ayé ṣe rí lójú ọmọ náà, kò sì sí bí a ṣe lè mọ̀ ọ́n àfi kí a dúró sí ibi tí ọmọ náà dúró sí.

Bí ó ṣe ń ṣe é nìyí. Yóò ní kí ẹnìkan sùn gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀, yóò fi ẹfun ìkọ̀wé yí ara rẹ̀ ká, yóò wá ní kí ó dìde. Àwòrán ènìyàn yóò kù sílẹ̀. Ohun tí aráyé ń sọ nípa ẹni náà, ìta àwòrán ni wọn yóò kọ ọ́ sí. Ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni náà fúnra rẹ̀, inú àwòrán ni wọn yóò kọ ọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni yóò kan àga: ẹnìkan yóò jókòó, yóò di ẹni náà, àwọn yòókù yóò máa bi í ní ìbéèrè, kò sì gbọdọ̀ dáhùn bí ara rẹ̀.

Nígbà tí táàmù bẹ̀rẹ̀, ó ní kí kálukú mú ẹnìkan wá láti àdúgbò rẹ̀, ẹni tí gbogbo ènìyàn ń rí lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ inú rẹ̀. Ẹnìkan mú ọ̀mùtí wá, ẹnìkan mú arúgbó tí kì í dáhùn ìkíni wá. Ẹnu Àwáwù ló ṣáájú ọgbọ́n rẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin kan wà ní àdúgbò àwọn tí kì í wo ojú ènìyàn, tí kì í kúnlẹ̀ kí àgbà, tí ó máa ń fi ọwọ́ di etí, tí ó sì máa ń ké bí ẹni tí iná jó. Ọ̀gbẹ́ni Oyèlẹ́yẹ ní ẹni tí àwọn yóò ṣiṣẹ́ lé lórí títí táàmù yóò fi parí nìyẹn. Ìgbà yẹn ni Àwáwù tó mọ̀ pé òun ti fi ẹnu ara òun kó ara òun sí wàhálà. Ọmọ àdúgbò kọ́. Àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá rẹ̀, Ṣubúọlá, tí wọ́n jọ ń sùn lórí ẹní kan náà, kò sì sí ẹnikẹ́ni nílé ẹ̀kọ́ náà tí ó mọ̀ pé ó ní àbúrò.

Ọjọ́ tí wọ́n yí àwòrán náà, ìta rẹ̀ kún kíá. Wèrè. Emèrè. Dìndìnrìn. Aláìlẹ́kọ̀ọ́. Fadékẹ́, tí ó jókòó ti Àwáwù, tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi, kọ ọ́ pé wọ́n sà sí i ni. Inú àwòrán ṣófo. Olùkọ́ na ẹfun sí wọn, kò sẹ́ni tó gbà á. Àwáwù ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ itan, ẹ̀rù ń bà á kí ọwọ́ náà má lọ na ara rẹ̀. Ohun tí ó tún dẹ́rù bà á ju ìyẹn lọ ni pé bí òun bá tilẹ̀ gba ẹfun náà, òun kò mọ ohun tí òun yóò kọ. Láti kékeré ni òun àti Ṣubúọlá ti jọ ń jẹ nínú àwo kan náà, òun kò sì mọ inú rẹ̀.

Agbo ilé ahunṣọ ni agbo ilé wọn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn ọkùnrin á jókòó sídìí òfì, òwú gígùn á nà láti iwájú wọn la àárín agbo ilé já, ìdí òwú náà á sì wà ní sísomọ́ pákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n gbé òkúta lé kí òwú lè le. Bí ahunṣọ bá ti ń hun aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni pákó olókùúta náà ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú kì í tètè rí i. Ojú Ṣubúọlá ń rí i. Ẹ̀gbẹ́ òkúta ni ìjókòó rẹ̀. Yóò dọ̀bálẹ̀ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ilẹ̀, yóò máa wo bí pákó ṣe ń wọ́, gígé òwú kan á wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó ń yí láàárín ìka. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Kì í sábà sọ̀rọ̀. Bí ó bá sì sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni, ohun tí ẹnìkan ti sọ lánàá tàbí níjẹta, ní ohùn ẹni náà gan-an. Ó ti fi ohùn Bàbá Mọ́nsúrù béèrè ẹni tí ó jí ṣòkòtò gbé rí, níwájú àlejò, àwọn ọmọdé sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

Bàbá Mọ́nsúrù yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá wọn. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, òun ni olórí agbo ilé, òun náà ló sì ń pèsè fún wọn. N kò ní pè é ní ènìyàn burúkú, nítorí kò burú. Ẹni tí ó fẹ́ kí gbogbo nǹkan dúró sí ojú ibi tí Ọlọ́run fi í sí ni, Ṣubúọlá kò sì dúró sí ojú ibi kankan.

Ohun tí ó máa ń bí igbe rẹ̀ kò dájú. Nígbà mìíràn, ẹnìkan kàn fọwọ́ kàn án ní orí ni. Nígbà mìíràn, àlejò pọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí ìyá ń ṣe fún ọmọ tí ara ń ni kò yàtọ̀ láti ilé kan sí èkejì: wọ́n á kì í. Ìyá Àwáwù á sáré jáde, á di orí ọmọ rẹ̀ mú ṣinṣin mọ́ àyà, á máa ki oríkì rẹ̀ sí i létí: "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ahunṣọ tí kì í jẹ́ kí ọba rìn ní ìhòòhò. Òwú mi tí kò gbọdọ̀ já." Àwọn obìnrin ilé á jáde láti ìdí ààrò, àwọn náà á yí i ká, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n á fi kún un, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa pe Àbẹ̀kẹ́ ṣáá. Oríkì ni í mú orí ọmọ wú, tí í mú un rántí ilé. Bí igbe náà bá ṣe ń lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa gbé ohùn tiwọn náà sókè.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, Ṣubúọlá já mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó sáré la àárín òwú kọjá, aṣọ ìyàwó tí Bàbá Mọ́nsúrù ń hun lọ́wọ́ sì já, òwú rẹ̀ lọ́ mọ́ra títí kò fi ṣe é tú mọ́. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Bàbá Mọ́nsúrù kò pariwo. Ó dúró síwájú Ṣubúọlá tí ó ká kò sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, ó fi ara balẹ̀ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì ba Àwáwù lẹ́rù. "Ọmọ tí wọ́n kì tí orí rẹ̀ kò wú, ta ló mọ ibi tí orí náà ti wá? Ó tó gẹ́ẹ́. Ṣẹkẹṣẹkẹ ni yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń jókòó."

Gbogbo wọn ló mọ ibi tí ó ń wí. Oníṣègùn kan wà nínú oko kan lẹ́yìn Ìrawọ̀ tí ó ń gba àwọn tí orí wọn dàrú. Ó ń kì wọ́n ní ẹsẹ̀ bọ inú irin, irin náà á sì wà lára ìtì igi. Obìnrin kan ní àdúgbò wọn ti lọ síbẹ̀ rí. Obìnrin tí ó máa ń rẹ́rìn-ín láìnídìí ni kó tó lọ. Nígbà tí ó padà dé, kò rẹ́rìn-ín mọ́ lóòótọ́, kò sì gbé orí sókè mọ́, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì dúdú bọ́lọ́jọ́. Àwọn ènìyàn ní ara rẹ̀ ti yá. Bàbá Mọ́nsúrù ní ọkọ̀ yóò wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Òwe àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í burú títí kí á lé e fún ẹkùn pa jẹ, ṣùgbọ́n èwo ni ti òwe níwájú ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni? Ìyá Àwáwù kò ṣe nǹkan kan ju kí ó máa gbààwẹ̀, kí ó sì máa ki Àbẹ̀kẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, kí orí rẹ̀ tètè wú kí Jímọ̀ tó pé.

Irú ipò yìí ló wà tí Àlàrùba fi dé, tí Ọ̀gbẹ́ni Oyèlẹ́yẹ gbé àga sáàárín, tí ó wo ojú wọn yíká, tí ó sì pe Àwáwù. Ó ní ẹni tí ó mú ọmọbìnrin náà wá ló yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó fún un. Àwáwù dìde. Ó fẹ́ sọ pé inú ń run òun. Ó jókòó, àga náà mì, ó sì tẹjú mọ́ ilẹ̀ bí Ṣubúọlá ṣe máa ń ṣe, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú òun.

Wọ́n bi í pé kí ló dé tí kì í wo ojú àwọn. Ó ní ojú wọn pọ̀ jù. Kò mọ ibi tí ìdáhùn náà ti wá. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí kì í kúnlẹ̀ kí àgbà, ó ní òun kì í mọ ìgbà tí ó yẹ. Ọ̀rọ̀ ń jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ó jáde sì ń já àyà rẹ̀ sí i, bí ẹni tí ó ń tú aṣọ ara rẹ̀ láàárín ọjà. Fadékẹ́ wá béèrè pé ṣé ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Àwáwù kọ ojú sí ògiri. Fadékẹ́ ní ọmọ tí ó bá ṣe báyìí nílé àwọn, ṣe ni wọ́n ń kì í. Olùkọ́ ní kí wọ́n kì í, ó dáa, kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé. Wọ́n bi í ní orúkọ oríkì rẹ̀, ó sì wí fún wọn kí ó tó ronú.

Wọ́n dìde. Wọ́n yí àga ká. Ẹnìkan gbé ọwọ́ lé e lórí, ẹnìkan di èjìká rẹ̀ mú, gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe Àbẹ̀kẹ́, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ dáadáa, ọmọ a-gbé-níyàwó, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu wọn, nítorí eré ni wọ́n pè é. Àwáwù kọ́kọ́ mọ̀ pé eré ni. Lẹ́yìn náà, kò mọ̀ mọ́. Òórùn ara wọn bò ó, èémí wọn ń gbóná sí i létí, kò rí ìmọ́lẹ̀ láàárín aṣọ wọn, àga sì ń mì nídìí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ di etí. Wọ́n gbé ohùn sókè. Ó gbọ́ igbe kan, ó sì pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé láti ọ̀fun òun ni. Ó fi orí la àárín wọn kọjá, ó sì lu ògiri.

Nígbà tí ó wo ẹ̀yìn, gbogbo kíláàsì dúró gbagidi. Fadékẹ́ ti ń sunkún. Ọ̀gbẹ́ni Oyèlẹ́yẹ kò sún mọ́ ọn. Ó béèrè jẹ́jẹ́ láti òkèèrè pé kí ló gbọ́.

"N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan, sà," ni Àwáwù wí. "Ariwo ni. Bí òjò lórí páànù. N kò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pè."

Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọ ọ́ sínú àwòrán ilẹ̀ náà: kò gbọ́ ọ̀rọ̀, ariwo ló ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Ó yin Àwáwù, ó ní òun kò rí ẹni tí ó mọ eré ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwáwù kò gbọ́ ìyìn. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀: àwa la ń ṣe é fún un. Àwa pẹ̀lú ìfẹ́ wa.

Ó sáré délé, ó bá ìyá rẹ̀ nídìí ààrò, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ ọ́. Ó ní kí wọ́n dáwọ́ kíkì dúró. Ó ní kí wọ́n jìnnà sí Ṣubúọlá bí ó bá ń ké, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n dákẹ́. Ìyá Àwáwù kọ́kọ́ rò pé ọmọ òun ń ṣe àwàdà. Nígbà tí ó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ojú rẹ̀ yí padà, ó bi í pé ṣé ohun tí àwọn tíṣà ń kọ́ wọn nìyẹn, pé kí ìyá má pe ọmọ rẹ̀.

"Kò ké nígbà tí mo bí i," ni ìyá náà wí. "Wọ́n gbé e sílẹ̀ bí òkú. Oríkì ni mo fi pè é wá sáyé, Àwáwù. Ìwọ wá ní kí n gbẹ́nu dákẹ́."

Ẹ̀rù mìíràn wá dé bá Àwáwù lórí ẹní lálẹ́ ọjọ́ náà. Bó bá jẹ́ pé irọ́ ni ńkọ́? Ó jókòó lórí àga, ó ṣe eré, ó wá gbé eré wálé bí ẹ̀rí. Ta ló sọ fún un pé bí ara òun ṣe rí lórí àga ni ara Ṣubúọlá ṣe rí?

Ní Àlàmísì, kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Olùkọ́ ti kọ́ wọn ní eré kan tí ó ń pè ní dígí: o jókòó, o sì ṣe gbogbo ohun tí ẹnìkejì bá ń ṣe, láìsọ̀rọ̀, títí ara rẹ yóò fi bá tirẹ̀ mu. Àwáwù lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkúta. Kò sún mọ́ ọn jù. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ilẹ̀, ó wá gígé òwú kan, ó ń yí i láàárín ìka. Àwọn ahunṣọ ń wò ó, wọ́n ń mi orí, ẹnìkan ní ó ti ran èkejì. Ìtìjú bò ó. Ṣùgbọ́n bí ó ti pẹ́ níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí pákó náà bí ó ti ń wọ́, iyanrìn kéékèèké ń ṣubú níwájú rẹ̀, gbogbo ayé sì rọlẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí oòrùn ga, Ṣubúọlá na ọwọ́ láìwo ojú rẹ̀, ó gba òwú ọwọ́ Àwáwù, ó sì fi tirẹ̀ sí i lọ́wọ́ dípò. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Àwáwù kò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí, ó sì ń yí òwú náà lọ.

Jímọ̀ dé. Kò pẹ́ tí wọ́n kírun tán tí ọkọ̀ Pijó kan fi yà wọ agbo ilé, àwọn ọkùnrin méjì sọ̀ kalẹ̀, okùn wà lọ́wọ́ ọ̀kan. Bàbá Mọ́nsúrù ṣì wọ aṣọ ìrun. Kò wo ojú ìyá Àwáwù. Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkúta.

Ṣubúọlá rí okùn. Ó rí ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin náà bí ó ti ń bọ̀ lórí iyanrìn rẹ̀. Igbe tí ó ké, Àwáwù kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ìyá wọn ju àwo ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sáré, ó di orí ọmọ rẹ̀ mú. "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ahunṣọ." Àwọn obìnrin ń bọ̀ láti ìdí ààrò, wọ́n ti ń dáhùn. Ṣubúọlá ń fi orí lu àyà ìyá rẹ̀, ó ń fi èékánná ya á, ìyá ń gbé ohùn sókè, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lápá rẹ̀, kò jẹ́ kí ó lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ní èyí le ju ohun tí wọ́n sọ fún àwọn lọ, ó sì tú okùn.

Àwáwù kò ronú. Bí ó bá ronú ni, kò ní ṣe é. Ó sáré láti ẹ̀yìn, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìyá rẹ̀ lẹ́nu.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé Yorùbá, ẹ mọ ohun tí ó ṣe. Ọmọ fi ọwọ́ bo ẹnu ìyá tí ó bí i, lójú agbo ilé, bí ó ti ń ki ọmọ lọ́wọ́. Àwọn obìnrin dákẹ́ lójijì, ìpayà ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ìyá wọn sọ ọwọ́ sílẹ̀, Ṣubúọlá bọ́, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, ó sì ń ké lọ. Bàbá Mọ́nsúrù ń bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti gbé sókè.

Àwáwù dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. "Ẹ lù mí tó bá yá, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bí kò bá dákẹ́ fúnra rẹ̀, èmi fúnra mi ni n ó gbé e wọ ọkọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ tán kí ó tó gbọ́ ohun tí ó wí. Ó ti fi àbúrò rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Bàbá Mọ́nsúrù dúró. Bóyá nítorí àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń wò ó ni, bóyá nítorí ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lápá rẹ̀ ni, n kò mọ̀. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn ahunṣọ dáwọ́ dúró. Gbogbo agbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́, igbe Ṣubúọlá nìkan ló kù.

Kò dákẹ́. Ó ń ké, ó ń fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀. Àwáwù ṣì dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn, ó ń gbọ́ bí ẹni tí ó mú okùn ṣe ń sún ẹsẹ̀. Ó ń ro ìtì igi. Ó ń ro ọrùn ẹsẹ̀ tí ó dúdú. Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun ti ṣìnà, pé eré ni eré, pé òun yóò gbé e wọ ọkọ̀ lóòótọ́. Igbe náà já. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó já, ó di ìkérora, ìkérora náà ń lọ ó ń bọ̀, ó ń rọlẹ̀. Ṣubúọlá wá ọwọ́ kiri ilẹ̀ títí ó fi rí gígé òwú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ilẹ̀.

Nígbà náà ni ó sọ̀rọ̀. Kò sọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni, òkúta ló sọ ọ́ sí, ohùn Bàbá Mọ́nsúrù ni, bí ó ti lọ sílẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, bí ó ti fara balẹ̀:

"Ṣẹkẹṣẹkẹ ni yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń jókòó."

Kò sí ọmọ tí ó rẹ́rìn-ín. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀, ohun tí Àwáwù wí fún olùkọ́ nìyẹn, tí wọ́n sì fi ẹfun kọ sílẹ̀. Irọ́ ni. Ṣubúọlá gbọ́. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí ni ó ti mọ ọkọ̀ tí ó ń bọ̀. Wèrè tí wọ́n pè é, emèrè tí wọ́n pè é, gbogbo ohun tí wọ́n sọ lórí rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti wà lórí ẹní, ó gbọ́ ọ, ó sì gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta láìrí ẹni sọ fún.

Bàbá Mọ́nsúrù ṣí fìlà. Ó wò ó, ó tún dé e. Ó sọ fún àwọn ọkùnrin náà pé kí wọ́n máa lọ ná, pé bí òun bá fẹ́ wọn òun yóò ránṣẹ́. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni bí ó ti ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni Àwáwù kò sì mọ̀ títí di òní bóyá ojú ló tì í ni tàbí ẹ̀rù ló bà á.

Ìyá wọn ṣì jókòó sí ibi tí ó jókòó sí, kò nu apá. Ó fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bi Àwáwù pé kí ni òun yóò wá máa fi pe ọmọ òun. Àwáwù fà á ní ọwọ́, wọ́n jọ lọ jókòó sí ìwọ̀n àyè díẹ̀ sí òkúta, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí ògiri. Àwọn ahunṣọ padà sídìí òfì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pákó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́.

Oòrùn ti ń lọ sí ẹ̀yìn ilé nígbà tí Ṣubúọlá tún la ẹnu, tí ó ń yí òwú, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára pákó. Ohùn ìyá rẹ̀ ni ní ọ̀tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó rọ̀, ó rọ̀ ju bí ìyá náà ti sọ ọ́ rí lọ.

"Àbẹ̀kẹ́," ni ó wí, "ọmọ ahunṣọ tí kì í jẹ́ kí ọba rìn ní ìhòòhò. Òwú mi tí kò gbọdọ̀ já."

Ìyá Àwáwù ki gèlè rẹ̀ bọ ẹnu, ó fi eyín dì í mú ṣinṣin, kí ẹkún rẹ̀ má bàa ní ohùn.